Ẹyẹ etí ọ̀sà àti àpò oníṣòwò: Bí àwọn aráàlú ṣe ń rí owó nínú àbàtà tí wọ́n dáàbò bò

Bí èèyàn bá dúró láàárín ọjà Ìkọ̀tún nírọ̀lẹ́, tó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹyẹ tó ń ṣa kòkòrò jẹ nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ etí ọ̀sà, àwọn ọlọ́jà yóò ní kó yàgò lọ́nà fún oníbàárà. Ẹni tó ń ta ata ń ro ti owó ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń ta ẹja ń ro ti iye tí wọ́n ń ta páálí ẹja, oníbúkà ní Ẹgbẹ́dá ń ro ti owó gáàsì. Ta ló ráyè ẹyẹ? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó. Inú àbàtà tí ẹyẹ yẹn dúró lé lórí ni ọ̀pọ̀ ẹja, akàn àti edé ti ń dàgbà kí wọ́n tó dé ọjà. Àbàtà náà ló ń gba omi òjò tí ìbá ya wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Láwọn orílẹ̀-èdè kan tí kò jìnnà sí wa, àwọn ìyá ọlọ́jà ti sọ ìtọ́jú àbàtà di òwò, owó sì ń tibẹ̀ wọlé fún wọn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹyẹ fi dé ojú ìwé òwò lónìí.

Gbogbo wa la mọ lékèélékèé, ẹyẹ funfun tó máa ń tẹ̀lé màálù, tí àwọn ọmọdé máa ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe òun là ń wí. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn wà nílẹ̀ yìí sábà máa ń kéré jù ú lọ, àwọ̀ ara wọn dà bí àwọ̀ ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ wọn tín-ín-rín, ẹnu ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gùn ṣóṣóró bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò. Ẹnu yẹn ni wọ́n ń kì bọ ẹrẹ̀ láti fa ekòló, akàn kéékèèké àti ìgbín omi jáde. Òkè lọ́hùn-ún, ní Rọ́ṣíà, ní Greenland àti ní àríwá Yúróòpù, ni wọ́n ti ń pamọ. Tí òtútù bá ti ń bọ̀ níbẹ̀, láti nǹkan bí oṣù Kẹjọ, wọ́n á tẹ̀ lé etí òkun wá sí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Tó bá di oṣù Kẹta sí ìkarùn-ún, wọ́n á tún gbéra padà.

Agbára tí wọ́n fi ń rin ìrìn yìí kọjá ohun tí ojú lè gbà gbọ́. Lọ́dún 2022, ọ̀kan nínú ìran àwọn ẹyẹ etí omi wọ̀nyí, tí àwọn onímọ̀ ti so ẹ̀rọ kékeré mọ́ lára, gbéra ní Alaska ní Amẹ́ríkà, kò sì balẹ̀ títí tó fi dé Tasmania ní Australia lẹ́yìn ọjọ́ 11. Kìlómítà 13,560 ló fò láìjẹ, láìmu. Èyí kì í ṣe ọ̀nà tó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, ṣùgbọ́n bákan náà ni gbogbo wọn ṣe ń ṣe é: wọ́n á jẹun títí wọn á fi sanra, àwọn mìíràn á fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po méjì ara wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá gbéra.

Awakọ̀ tó ń kó àlùbọ́sà bọ̀ láti Sókótó mọ búkà tó ti ń dúró jẹun lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá wó búkà kan, yóò rọ́jú dé èkejì. Bí wọ́n bá wó ìyẹn náà, tí wọ́n tún wó èyí tó tẹ̀ lé e, a jẹ́ pé ebi ni yóò dá a dúró sójú ọ̀nà. Búkà ni àbàtà jẹ́ fún àwọn ẹyẹ yìí. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ní ìhà wa ni Banc d'Arguin ní orílẹ̀-èdè Mauritania, níbi tí ẹyẹ tó ju mílíọ̀nù méjì lọ ti ń lo ìgbà òtútù. Ọdún 1976 ni ìjọba ibẹ̀ ti yà á sọ́tọ̀. Wọn kò lé àwọn Imraguen tí wọ́n jẹ́ apẹja ibẹ̀ láti ìran baba wọn kúrò. Àwọn nìkan ni wọ́n gbà láàyè kí wọ́n máa pẹja nínú rẹ̀, ọkọ̀ onígbòkun ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ lò, kò gbọdọ̀ sí ẹ̀rọ lára rẹ̀. Èyí tó tún tóbi ni àwọn erékùṣù Bijagós ní Guinea-Bissau, tí àjọ UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sára àwọn ogún gbogbo ayé lọ́dún 2025.

Àdéhùn gbogbo ayé kan wà lórí àbàtà, tí wọ́n ń pè ní Ramsar, nítorí pé ìlú Ramsar ní Ìráànì ni wọ́n ti fọwọ́ sí i lọ́dún 1971. Ọdún 2001 ni ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ibi 11 ni orílẹ̀-èdè wa ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn náà, láti Adágún Chad títí dé Adágún Ògútá. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí ẹyọ kan ṣoṣo tó jẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ló yí Èkó ká. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan oníṣòwò jù ni Gámbíà. Lẹ́bàá Banjul, olú-ìlú wọn, àbàtà kan wà tí wọ́n ń pè ní Tanbi, tó fẹ̀ ju hẹ́kítà 6,000 lọ. Igi ẹ̀gbà ló kún inú rẹ̀, ìyẹn igi inú omi oníyọ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń yọ síta bí ẹsẹ̀ akàn. Ara gbòǹgbò yìí ni ọ́ísítà máa ń lẹ̀ mọ́, ẹran rírọ̀ kan tó wà nínú ìkarahun méjì tó pa dé mọ́ra. Àwọn obìnrin ló ń kó o. Wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré lọ, wọ́n á kó o, wọ́n á sè é, wọ́n á yọ ẹran rẹ̀, wọ́n á sì gbé e lọ sẹ́bàá títì láti tà. Ìkarahun rẹ̀ náà kì í ṣòfò, wọ́n máa ń sun ún láti fi ṣe ẹfun tí wọ́n fi ń kun ilé.

Ìṣòro wọn ni pé àbàtà náà kò ní olówó. Bí obìnrin kan bá sọ pé òun yóò fi èyí tó kéré sílẹ̀ kó lè dàgbà, ẹlòmíràn ni yóò wá kó o lọ lọ́la. Nítorí náà, kíá ni kálukú ń kó tiẹ̀. Àwọn mìíràn á gé gbòǹgbò igi náà pẹ̀lú ohun tó wà lára rẹ̀. Ọ́ísítà ń kéré sí i, igi ń tán, kálukú sì ń dá tà á ní iyekíye tí oníbàárà bá dárúkọ. Ẹni tó bá ti tajà rí mọ irú ọjà bẹ́ẹ̀: iṣẹ́ pọ̀, èrè kò sí.

Lọ́dún 2007, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní TRY Oyster Women's Association. Fatou Janha Mboob ni obìnrin tó kó wọn jọ. Nǹkan bí 40 ni wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kò sì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi di nǹkan bí 500, láti abúlé 15. Òfin tí wọ́n fẹnu kò sí kò le yé. Láti oṣù Keje títí di ìparí oṣù Kejì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ọ́ísítà ní Tanbi. Oṣù Kẹta sí oṣù Kẹfà ni wọ́n á ṣí i. Wọn kò gbọdọ̀ gé gbòǹgbò, wọn kò gbọdọ̀ kó èyí tó kéré. Abúlé kọ̀ọ̀kan ní apá tirẹ̀ nínú omi náà, tí yóò máa bójú tó. Wọ́n tún gbin igi ẹ̀gbà síbi tó ti ṣí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá wá ṣí àbàtà, ọ́ísítà ti tóbi, ohùn wọn sì ti ṣọ̀kan lórí iye tí wọ́n fẹ́ tà á, nítorí náà owó ọjà náà gbéra.

Ohun tó mú kí òfin yìí dúró ni pé lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 2012, ìjọba Gámbíà kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin yìí nìkan ló ní ẹ̀tọ́ láti máa ṣàkóso bí wọ́n ṣe ń kó ọ́ísítà ní Tanbi. Lójú tèmi, ìwé yẹn ju gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn òyìnbó lè wá ṣe lọ. Ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ kò lè ti ilẹ̀kùn. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n gba ẹ̀bùn Equator Prize ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé.

Oṣù mẹ́jọ kì í ṣe kékeré, àti pé ọmọ kì í dúró de oṣù Kẹta kó tó jẹun. Ẹgbẹ́ náà mọ èyí. Wọ́n kọ́ àwọn obìnrin wọn ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n lè fi gbé ìgbà náà, wọ́n sì dá ètò àjọ àti owó yíyá sílẹ̀ láàárín ara wọn. Ètò tó bá ní kí aláìní má ṣe fọwọ́ kan omi, tí kò sì sọ ohun tí yóò jẹ, kì í pẹ́ bàjẹ́. Òru ni wọ́n á máa wá jí i kó.

Ibi tí ẹyẹ ti wọ ọ̀rọ̀ yìí rèé. Nítorí ọ́ísítà ni wọ́n ṣe ti Tanbi pa, kì í ṣe nítorí ẹyẹ. Ṣùgbọ́n oṣù tí wọ́n fi tì í ló bọ́ sí àkókò tí àwọn àlejò láti òkè òkun fi wà níbẹ̀. Ẹyẹ rí ibi jẹun, obìnrin rí ọjà tà, igi sì dúró.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ilé. Ẹni tó bá gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá, tó la Kutọnu já, tó dé Grand-Popo, ti sún mọ́ ibi tí odò Mono ti ń wọ òkun, tí wọ́n ń pè ní Bouche du Roy. Níbẹ̀ náà, igi ẹ̀gbà ni wọ́n ń gé, nítorí pé òun ni àwọn obìnrin fi ń dáná tí wọ́n fi ń se iyọ̀. Ìjọba ṣòfin títí, kò ran án. Àwọn aráàlú àti ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Eco-Bénin wá mú ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú Sángbétò. Àwọn tó mọ Àgbádárìgì kò nílò àlàyé: Sángbétò ni ọlọ́dẹ òru àwọn Ẹ̀gùn láti ayébáyé. Wọ́n ṣe ètùtù, wọ́n fi àmì sí apá kan nínú igbó ẹ̀gbà náà, ó di èèwọ̀. Ẹni tó bá gé igi níbẹ̀, Sángbétò ló bá pẹ̀ka ìjà. Igi tí ìwé òfin kò lè dáàbò bò, èèwọ̀ dáàbò bò ó. Wọ́n kò sì fi mọ sórí ìbẹ̀rù nìkan. Wọ́n kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe lè fi oòrùn gbẹ omi iyọ̀ dípò kí wọ́n fi iná sè é, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé àwọn àlejò kiri láti wo igi àti ẹyẹ, pẹ̀lú owó. Lọ́dún 2017, UNESCO fọwọ́ sí gbogbo àgbègbè odò Mono, tó wà láàárín Benin àti Tógò, gẹ́gẹ́ bí ibi ìtọ́jú ohun ẹlẹ́mìí.

Gánà náà ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ náà la sì ti lè rí bó ṣe máa ń bàjẹ́. Lọ́dún 1985, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan láti dáàbò bo àwọn ẹyẹ etíkun. Ọ̀kan nínú ohun tó fà á ni pé àwọn ọmọdé ń fi okùn dẹ irú ẹyẹ kan tó ń pamọ ní Britain àti Ireland, tí iye rẹ̀ sì ń dínkù lọ́hùn-ún. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láwọn ilé ìwé, kí àwọn ọmọ tó ń dẹ okùn lè di ẹni tó ń ṣọ́ ẹyẹ. Nígbà tó di 1992, Gánà fi orúkọ àbàtà etíkun márùn-ún sílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn Ramsar: Muni-Pomadze, Densu, Sakumo, Songor àti Keta.

Ní Densu, lẹ́bàá Accra, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe iyọ̀ wà láàárín àbàtà náà gan-an. Inú kòtò tí wọ́n ti ń fi oòrùn gbẹ iyọ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ ti ń jẹun. Iléeṣẹ́ ń pawó, ẹyẹ ń jẹun, kò sí ẹni tó lé ẹnì kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìtọ́jú àbàtà àti òwò kò lè gbé pọ̀.

Sakumo, tó wà láàárín Accra àti Tema, lọ sí ọ̀nà mìíràn. Àbàtà yìí ní òrìṣà tirẹ̀, ó ní èèwọ̀ tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn apẹja Gá kì í ṣeé lọ sókun lọ́jọ́ Tuesday. Ṣùgbọ́n ìlú fẹ̀, ilẹ̀ wọ́n, àwọn tó ń ta ilẹ̀ sì pọ̀ ju àwọn tó ń bọ òrìṣà lọ. Wọ́n da yanrìn sí i, wọ́n kọ́lé. Omi tí kò ríbi lọ mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé àwọn aráàdúgbò. Lọ́dún 2022, ìjọba kó katakata wá, wọ́n wó ọ̀pọ̀ ilé tó wà níbẹ̀. Àwọn tó ra ilẹ̀ náà pariwo pé àwọn ní ìwé. Owó tí wọ́n fi kọ́ ọ bá omi lọ.

Èyí ló gbé wa dé Alímọ̀ṣọ́. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn 1,277,714 níjọba ìbílẹ̀ yìí, kò sì sí ẹni tó ń gbé Ìpájà tàbí Ìgándò tí kò mọ̀ pé wọ́n ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Alímọ̀ṣọ́ kò sí létí òkun. Ṣùgbọ́n omi rẹ̀ ń lọ síbẹ̀. Òjò tó bá rọ̀ ní apá ibẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ń ṣàn lọ, sí ìhà Ìjẹ̀gun, Àmùwò àti Ọ̀jọ́, títí yóò fi bọ́ sínú omi tó lọ bá Àgbádárìgì. Ohun tó bá wà nínú gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù ni yóò kó lọ: náílọ̀nù píọ̀ wọ́tà, ike, ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì dà nù. Òjò tó bá sì rọ̀ sórí ààtàn ńlá Solous ní Ìgándò kò jókòó síbẹ̀. Tí gbogbo èyí bá tẹ́ sórí ẹrẹ̀ etí ọ̀sà, akàn àti ekòló kò lè yọjú mọ́, ẹyẹ kò rí nǹkan ṣa, ẹja kéékèèké kò ríbi dàgbà. Ẹni tó ń gbé ẹja tútù wá sí Ìkọ̀tún láti Ọ̀jọ́ àti Àgbádárìgì yóò wá sọ pé ẹja ti wọ́n.

Ìjọba Èkó ti mú apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024 ni wọ́n fòfin de ike funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n fi ń di oúnjẹ. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n tún fòfin de kọ́ọ̀pù àlòsọnù, ṣíbí àti fọ́ọ̀kì oníke, ike ìfàmu àti náílọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò nípọn. Oníbúkà tí kò tíì yí padà ń fi ọjà rẹ̀ sínú ewu. Ẹni tó ń ta ráìsì Ọ̀fàdà nínú ewé kò ní ìṣòro kankan, ó ti ṣáájú òfin láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀wọ́n náílọ̀nù tó nípọn jẹ́ ẹrù tuntun lórí oníṣòwò kékeré, kò sì yẹ kí ìjọba díbọ́n bí ẹni pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà tó bá jùmọ̀ rà á lówó ọ̀pọ̀ ọjà yóò rí i ní pọ́ọ́kú ju ẹni tó ń dá ra tirẹ̀ lọ. Ọgbọ́n àwọn obìnrin Tanbi náà nìyẹn.

Ní ti pé kí àwọn aráàlú ní kọ́kọ́rọ́ àbàtà tiwọn, Èkó ṣì wà lẹ́yìn. Ibi tí wọ́n mọ̀ jù ni ọgbà ìtọ́jú ẹranko àti igi ní Lẹ́kìí, tí ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ lọ́dún 1990. Hẹ́kítà 78 ni, àwọn èèyàn ń sanwó wọlé láti rin orí afárá gígùn onímítà 401 tó wà láàárín orí igi. Ó dára, ó sì ń pawó. Ṣùgbọ́n ọgbà tí wọ́n mọ odi yí ká ni, kò rí bí omi tí ìyálọ́jà kan lè tọ́ka sí pé ẹgbẹ́ òun ló ń ṣọ́ ọ. Àwọn abúlé apẹja tó wà láti Ọ̀jọ́ dé Àgbádárìgì ní ọba, wọ́n ní baálẹ̀, wọ́n ní Sángbétò, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ apẹja. Ohun tí wọn kò ní ni irú ìwé tí ìjọba Gámbíà fún àwọn obìnrin rẹ̀ ní 2012.

Títí dìgbà náà, ibi tí oníṣòwò Alímọ̀ṣọ́ ti lè pàdánù owó jù ni ilẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ fún ilé ìkẹ́rùsí tàbí ṣọ́ọ̀bù, kó má ṣe lọ wò ó lóṣù Kejì nìkan, nígbà tí ohun gbogbo gbẹ. Kó padà lọ lóṣù Kẹfà, lẹ́yìn òjò ńlá. Kó bi àwọn tó ti pẹ́ ládùúgbò léèrè ibi tí omi ń gbà tẹ́lẹ̀, nítorí pé omi kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Bó bá rí yanrìn funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sórí ilẹ̀ dúdú, tí koríko inú omi ṣì yí i ká, kó tọ́jú owó rẹ̀ sápò ná. Ilé ọ̀pọ̀ èèyàn tó kọ́ sójú ọ̀nà omi ní Ìkòtà, ní ìhà Lẹ́kìí, ni ìjọba wó ní 2023, ìwé ilẹ̀ kò sì gba àwọn mìíràn nínú wọn sílẹ̀. Ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó ọ̀nà omi wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí àyíká ní Aláúsá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lè sọ fún èèyàn bóyá ilẹ̀ tó fẹ́ rà wà lójú ọ̀nà omi tàbí kò sí. Kí èèyàn lọ síbẹ̀ kó tó sanwó.